Tali Kú Nítorí Mo Sọ Òtítọ́ Ní Kóòtù

Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí mo ti fi ọwọ́ ara mi ba géèmù Mass Effect jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, inú ṣì ń bí mi. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbá a rí á mọ irú ìbínú tí mò ń sọ. Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì gbá a, màá tú gbogbo àṣírí rẹ̀ síta níhìn-ín, torí náà ẹ má bú mi lọ́la.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé géèmù lásán ni. Wọ́n ti sọ ọ́ fún mi nínú ilé yìí, ó tó.

BioWare ní Edmonton, lórílẹ̀-èdè Kánádà, ló ṣe é. Apá kìíní jáde ní 2007, èkejì ní 2010, ẹ̀kẹta ní 2012. Ní 2021 wọ́n tún gbogbo rẹ̀ ṣe, wọ́n dì í sínú ẹyọ kan, èyí tí mo rà nìyẹn. Adùn rẹ̀ ni pé ó máa ń rántí. Ohun tó o ṣe ní apá kìíní á bá ọ dé apá kẹta. Bí o bá pa Wrex, jagunjagun ẹ̀yà Krogan tó wà lẹ́yìn rẹ, létí omi ní Virmire, o ò ní rí i mọ́ láéláé. Ní apá kẹta, Wreave ni wàá bá lórí àga rẹ̀, ẹni tí kò ní làákàyè Wrex rárá. Ibẹ̀ náà lo ti máa yan ẹni tí yóò kú láàárín Ashley àti Kaidan, ọmọ ogun rẹ méjì, ẹni tó o bá fi sílẹ̀ sì ti lọ nìyẹn. Èmi tọ́jú Wrex. Mo rò pé mo gbọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n wá sí ibi tó ń dùn mí.

Ẹ̀yà kan ni àwọn Quarian. Ní nǹkan bí 300 ọdún ṣáájú ìtàn yìí ni àwọn Geth, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe, lé wọn kúrò ní Rannoch tí í ṣe ilé wọn. Mílíọ̀nù 17 wọn ló ń gbé inú ọkọ̀ òfurufú látìgbà náà, ìbòjú lójú tọ̀sán-tòru, torí àrùn tí kò ní ṣe èmi àti ìwọ ní nǹkan kan lè pa wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn ni Tali. Ó ti wà lẹ́yìn mi láti apá kìíní. Ní apá kejì, àwọn èèyàn rẹ̀ fi ẹ̀sùn ọ̀dàlẹ̀ kàn án, pé ó ń fi ẹ̀yà ara Geth tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ránṣẹ́ sílé. Kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ rárá, wọ́n ti yí orúkọ rẹ̀ padà sí Tali'Zorah vas Normandy, ìyẹn ni pé ọkọ̀ mi ni wọ́n ka ilé rẹ̀ sí báyìí. Èmi Shepard ni ọ̀gá ọkọ̀ náà, torí náà èmi ni mo di lọ́yà.

A lọ sínú ọkọ̀ Alarei tí àwọn Geth ti gbà, a sì bá òkú bàbá rẹ̀ nílẹ̀. Rael'Zorah, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá àgbà wọn. Ẹ̀rí wà níbẹ̀ pé bàbá fúnra rẹ̀ ló ń to àwọn Geth pọ̀ padà kó lè fi wọ́n dán ohun ìjà wò. Ọmọ kò mọ̀. Tali bẹ̀ mí níbẹ̀ pé kí n má ṣe gbé ẹ̀rí náà dé kóòtù. Wọ́n á pa orúkọ bàbá òun rẹ́ nínú ìwé gbogbo ọkọ̀ tó ti sìn rí. Ó ní kí wọ́n kúkú lé òun nílùú.

Mo gbọ́ o. Mo dé kóòtù, mo sì gbé e síta.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tẹnu mi. Ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, wọ́n ní olóòótọ́ kì í sùn sípò ìkà. Mo rò pé bí mo bá ti gba ọmọ yìí lọ́wọ́ ìtìjú, ó parí. Ìdáhùn búlúù kan (búlúù ni ti ìwà pẹ̀lẹ́, pupa ni ti ìwà líle) sì wà lójú tẹlifíṣọ̀n, èyí tí ì bá gbà wá lọ́wọ́ méjèèjì, ṣùgbọ́n ó ṣókùnkùn, kò ṣeé tẹ̀, torí pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń da búlúù pọ̀ mọ́ pupa. Bí mo bá rẹ́rìn-ín sí ẹnì kan láàárọ̀, màá ti ẹlòmíràn lu ògiri lálẹ́. Ọ̀nà kẹta wà tí n kò mọ̀: bí Veetor àti Kal'Reegar, Quarian méjì tí mo ti bá pàdé, bá wà nínú kóòtù, wọ́n á gbèjà rẹ̀. Veetor ọ̀hún, èmi ni mo gbà kí àwọn Cerberus, ẹgbẹ́ kan tó ń ṣiṣẹ́ níkọ̀kọ̀, mú un lọ. Kal'Reegar, mo jẹ́ kó lọ jà ní Haestrom, ó kú síbẹ̀. Nígbà tí mo ṣe méjèèjì, n kò kà wọ́n sí nǹkan kan.

Wọ́n dá Tali láre. Ó sì sọ fún mi lójú mi pé n kò ṣe é dáadáa. Mo tẹ bọ́tìnnì, mo kọjá lọ.

Ìparí apá kejì wá dé. Ẹ ó gba Omega-4 Relay, ẹnu ọ̀nà kan lójú òfurufú, lọ bá àwọn Collector tí í ṣe ọ̀tá yín nílé wọn, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ rá wọ inú páìpù kan tó gbóná bí ààrò láti lọ ṣí ilẹ̀kùn. Aago méjì òru ti lù. Wọ́n ti mú iná lọ, bátìrì inverter ló kù, ó sì ti ń ké. Mo yan Tali. Ta ni kí n yàn? Òun ló mọ ẹ̀rọ jù! Àbúrò mi tó ń tòògbé lórí àga dìde díẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti wò ó bóyá inú ọmọ yìí ṣì yọ́ sí yín?" Mo ní kó sùn.

Ẹ ó máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù náà, ẹ ó máa ṣí ìdènà fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ooru má sè é. Mo ṣí gbogbo rẹ̀. Kò pẹ́ níbì kankan, mo lè búra. Ó dé òdì kejì, ó ṣí ilẹ̀kùn fún wa, gbogbo wa wọlé, ó yíjú padà láti tì í. Àlàfo tó kù láàárín ilẹ̀kùn méjèèjì kò ju ìbú ọwọ́ lọ. Àdó olóró kan gba ibẹ̀ kọjá. Ojú ló ti bá a.

Mo pariwo, "Tali! Tali o!"

Màámi jáde láti yàrá, gèlè àwọ̀sùn lórí, tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. "Ta ló kú?"

"Tali."

"Mo ní ta ló kú?"

"Tali ni, Màámi."

"Ìwọ ọmọ yìí, èmi ni mò ń bi ọ́, o tún ń bi mí padà! Ta ló kú nínú ilé yìí?"

Àbúrò mi ṣubú sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo jókòó tí pádì wà lọ́wọ́ mi, tí ọmọ tí mo ti mọ̀ láti apá kìíní dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Ohun tó dùn mí jù kò ju pé Legion wà lẹ́yìn mi nígbà náà. Legion tó jẹ́ Geth, tó mọ ẹ̀rọ bíi Tali, tí mo ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ láìkù síbì kan. Ihò wà láyà rẹ̀, ó sì fi àjákù ẹ̀wù ogun Shepard àtijọ́ dí i. Bí o bá bi í pé kí ló dé, kò rí ìdáhùn kankan fọ̀. Ẹni tó fi aṣọ mi lẹ ara rẹ̀ wà nílẹ̀, mo rán ẹni tí mo dà.

Mo ní kí n padà sí save àtijọ́, ìyẹn ibi tí mo ti tọ́jú géèmù náà sí tẹ́lẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo ni mo ní, èyí tí géèmù ṣe fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tó ti kú.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyí, òun gan-an ni mo sì torí ẹ̀ kọ gbogbo èyí: ohun tí ẹnì kan bá fi sí ọ lọ́wọ́ níkọ̀kọ̀, fi í sílẹ̀ níkọ̀kọ̀. Awo ní í gbé awo nígbọ̀nwọ́. Nínú apá kejì, iṣẹ́ tí olúkúlùkù bá gbé wá fún ọ kì í ṣe pé kó o borí ọ̀tá. Ṣe ni wọ́n ń wò ó bóyá o gbọ́ ohun tí àwọn bẹ̀ ọ́ fún. Mo borí gbogbo Geth tó wà nínú Alarei. N kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo. Ó dá mi lójú pé ẹnì kan á sọ pé òtítọ́ lòtítọ́ ń jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n Tali kò ní kí n parọ́ o, ó ní kí n dákẹ́.

Ẹ̀kọ́ kejì: ẹ máa wo abẹ́ àwòrán ẹni kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó rán an níṣẹ́. Géèmù kọ ọ́ síbẹ̀ bóyá ó jẹ́ tiyín. N kò wò ó. Kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ, òru ni.

Ẹ̀kọ́ kẹta, ẹ ní save tó ju ẹyọ kan lọ. Ẹ̀kẹrin, ẹ yanjú ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn yín kí ẹ tó lọ gba IFF, ẹ̀rọ tí ọkọ̀ yín máa fi gba Omega-4 Relay kọjá, torí lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn Collector máa jí àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ yín gbé; bí ẹ bá sì ń fi falẹ̀ kiri, ẹ ó bá Kelly, ọ̀kan nínú wọn, tó ń yọ́ bí òrí nínú gíláàsì. Ẹ̀karùn-ún, ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò: ẹ yan búlúù tàbí pupa láti ilẹ̀, kí ẹnu yín lè múlẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá nílò rẹ̀. Ká ní ẹnu mi múlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ní kóòtù, ǹ bá má gbé ẹ̀rí kankan síta. A tún ti padà sí ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ìyà náà kò sì tán síbẹ̀. Ní apá kẹta, ẹ ó dé Rannoch, níbi tí Quarian àti Geth ti ń pa ara wọn. Ọ̀nà wà láti mú wọn rẹ́, ṣùgbọ́n Tali àti Legion gbọ́dọ̀ wà láàyè. Mo dúró síbẹ̀ láìsí Tali, ọ̀nà yẹn kò sì yọjú. Ẹni tó kù sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni mo gbè. Mo wo ọkọ̀ àwọn Quarian tí wọ́n ń jó, tí wọ́n ń já bọ́ láti òkè, ẹ̀yà kan odindi. Legion náà fi ara rẹ̀ lélẹ̀ kí àwọn èèyàn rẹ̀ lè yè. Torí bébà kan ní kóòtù.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé àwọn tó kọ ìtàn yìí mọ bí a ṣe ń rántí, síbẹ̀ wọ́n gbàgbé nígbà tó wù wọ́n. Cerberus tí wọ́n pa Admiral Kahoku ní apá kìíní, àwọn náà ló jí Shepard dìde nínú ikú ní apá kejì, tó sì ń bá wọn ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá sì yan Shepard tí ẹgbẹ́ rẹ̀ kú tán ní Akuze, Cerberus ló wà nídìí ikú yẹn, síbẹ̀ n kò rí i kó fi bẹ́ẹ̀ bi wọ́n. Ìbọn apá kìíní kì í tán lọ́ta, ṣe ló ń gbóná. Ní apá kejì, a di ẹni tó ń ṣa thermal clip, ohun tí ń mú ìbọn tutù, nílẹ̀. Ó dáa, ayé ń yí. Ṣùgbọ́n ẹ lọ ṣe iṣẹ́ Jacob, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ogun yín: ọkọ̀ Hugo Gernsback ti já síbẹ̀ láti ọdún mẹ́wàá, kò sẹ́ni tó dé ibẹ̀, ẹ sì ń ṣa thermal clip, tí kò tíì sí nígbà náà, kiri nínú igbó. Ta ló kó o lọ síbẹ̀?

Èyí tí mo dárí jì wọ́n ni ti Conrad Verner, olólùfẹ́ Shepard kan nínú ìtàn náà. Nígbà tí apá kejì kọ́kọ́ jáde, àṣìṣe kan wà nínú rẹ̀: ó máa ń sọ pé o na ìbọn sí òun lójú ní apá kìíní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé o ṣe é jẹ́jẹ́. Wọn ò bò ó mọ́lẹ̀. Ní apá kẹta, Conrad fúnra rẹ̀ tọrọ àforíjì pé ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ràn ìyẹn.

Ìparí apá kẹta ni mi ò dárí jì wọ́n. Nígbà tó jáde ní March 2012, àwọn tó rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Shepard ní London, láàárín iná àti ẹ̀jẹ̀, ṣàdédé jáde láti inú Normandy lórí ilẹ̀ mìíràn. Báwo ni wọ́n ṣe débẹ̀? Ṣé Garrus, ọ̀rẹ́ Shepard tímọ́tímọ́, sá lọ ni? Garrus! Àwọn olólùfẹ́ géèmù bínú débi pé wọ́n fi 402 kéèkì kéékèèké ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ náà, aláwọ̀ pupa, búlúù àti ewé, tí gbogbo wọn sì dùn bákan náà lẹ́nu, torí bí ìparí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe rí lójú wọn nìyẹn. Ní June ọdún yẹn ni wọ́n fi àlàyé kún un lọ́fẹ̀ẹ́: Shepard fúnra rẹ̀ ló pe ọkọ̀ kó wá gbé wọn. Ó dára. Ṣùgbọ́n fún oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi orúkọ Garrus sílẹ̀ bí orúkọ ẹni tó sá fi ọ̀rẹ́ sílẹ̀, èmi tí mo sì ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí orúkọ bàbá Tali mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré.

Èmi náà ti bẹ̀rẹ̀ apá kejì lákọ̀tun. Búlúù nìkan. Veetor lọ sílé, Kal'Reegar yè, mo dé kóòtù, mo pa ẹnu mọ́ nípa bàbá rẹ̀, ó tán. Lánàá ni mo dé Rannoch padà, Tali dúró lórí òkúta, ó ń wo ilẹ̀ tí wọ́n máa kọ́ ilé rẹ̀ sí.

Màámi ń kọjá lọ sí kíṣìnnì. Ó dúró, ó wo tẹlifíṣọ̀n dáadáa.

"Ta nìyẹn?"

"Tali ni."

"Ẹni tó o pariwo lóru pé ó kú?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

"Ó wá jẹ́ pé irọ́ lẹ fi jí mi."