Walleye ń gòkè odò Maumee

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ nígbà tí mo kúrò ní Columbus ní ìpínlẹ̀ Ohio, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, mo gba títì US 23 lọ sápá àríwá. Nítòsí Toledo, odò Maumee ló pààlà láàárín ìlú Maumee àti Perrysburg. Ìparí oṣù kẹta ni, igi kankan ò tíì rúwé, síbẹ̀ ọkọ̀ ti kún inú ọgbà Side Cut fọ́fọ́.

Ẹja walleye ló kó gbogbo wa jọ. Adágún Erie ni ẹja yìí ń gbé, ṣùgbọ́n tí òtútù bá ti ń lọ, tí omi odò ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ ju 40 lọ lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit, yóò gòkè odò wá yé ẹyin sáàárín òkúta wẹ́wẹ́. Àwọn akọ ló ń ṣáájú. Abo ńlá kan lè gbé ẹyin tó ju 100,000 lọ, kì í sì í dúró tọ́jú wọn. Tí ẹyin náà bá ti pa ọmọ, ìṣàn omi ni yóò gbé àwọn ọmọ náà padà sínú adágún.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé Toledo wọ ṣòkòtò rọ́bà tó dé àyà, a sì wọ omi létí erékùṣù Bluegrass. Òjé ló ń gbé okùn lọ sílẹ̀ odò. Ìdẹ rọ́bà onírù wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ wà lẹ́nu ìwọ̀, nǹkan aláwọ̀ tó ń léfòó sì ń gbé ìwọ̀ náà kúrò lára òkúta. Ẹ ó jù ú síwájú, ìṣàn omi á máa wọ́ ọ lọ, òjé á máa kan òkúta: kò, kò, kò.

"Má fà á o," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ìka ni kó o fi gbọ́ ọ. Tí kíkàn yẹn bá dákẹ́, gbé ọ̀pá sókè."

Ó dákẹ́ lóòótọ́. Mo gbé ọ̀pá, ó wúwo, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí. Akọ ni, eyín rẹ̀ mú ṣáṣá, ojú rẹ̀ ń dán bí ojú ológbò lóru. Ohun kan wà lẹ́yìn ẹyinjú náà tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, òun ló jẹ́ kó máa ríran nínú omi rúrú.

Èyí tí mo fà lẹ́yìn rẹ̀ tóbi jù ú lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni ìwọ̀ ti kọ́ ọ. Òfin Ohio ni pé ẹja tí ìwọ̀ ò bá kọ́ nínú ẹnu, kíá ni kí ẹ tú u sílẹ̀. Òfin yìí wù mí púpọ̀. Ẹja pọ̀ débi pé ẹnikẹ́ni lè fi ìwọ̀ ha wọn lára. Ẹni tí ẹja fúnra rẹ̀ la ẹnu gba ìdẹ rẹ̀ ló pẹja. Mo tú u sílẹ̀.

Ẹran walleye funfun, ó gan díẹ̀, ó sì dùn. A dín in, a fi ọbẹ̀ ata jẹ ẹ́.

Tí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ gba ìwé àṣẹ, ẹ sì wo bí odò ṣe kún tó lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó kúrò nílé. Lẹ́yìn òjò ńlá, ẹ má wọ̀ ọ́ rárá.