Ohun tí "take" fojú mi rí ní Òkè-Fíà

Aránṣọ ni mí ní Òkè-Fíà, níbí ní Òṣogbo. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n ṣe àṣekágbá Ọdún Ọ̀ṣun nígbà kan, ni kọ́sítọ́mà mi kan tó wá láti Èkó bá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi lórí gáùn àdìrẹ tí mo rán fún un: "Aunty, please take in the gown before Friday."

Mo kà á, mo tún un kà. Èmi mọ̀ pé "take" ni mú, "in" sì ni inú. Mo ní ẹni yìí mà láájò aṣọ o! Ó ti rí i pé iwájú ṣọ́ọ̀bù ni mo fi gáùn náà kọ́ sí, tí oòrùn ń pa á, tí eruku ọkọ̀ ń bà lé e. Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi gbé e wọlé, kó lọ̀ ọ́, kó fi ọ̀rá bò ó. Mo wá dá a lóhùn pé mo ti ṣe é.

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ló dé. Ó wọ̀ ọ́, ẹ̀gbẹ́ gáùn ń fẹ́ lẹ̀lẹ̀ bí àsíá.

"Àǹtí, ṣebí ẹ ní ẹ ti ṣe é?"

"Inú ilé ló wà látọjọ́ Ìṣẹ́gun."

Ó wò mí, mo wò ó. Àṣé kí n bá òun dín in ló ń wí! Ìlù ti ń dún lójú títì, mo ń tú ojú ìrán, mo yọ ínṣì kan lápá ọ̀tún, ínṣì kan lápá òsì. Kò san kọ́bọ̀ lé e, n kò sì béèrè.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣọ́ "take" bí ẹni ṣọ́ olè. "Take up the gown" ni pé kí n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú. "Take off" ni kéèyàn bọ́ aṣọ, bàálù tó gbéra náà, "take off" ni. Ọmọ tó jọ bàbá rẹ̀, "take after" ni. Èèyàn ń "take" oògùn, ó ń "take" bọ́ọ̀sì, ó ń "take" fọ́tò. Kò sí èyí tó jẹ́ mú níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò tiẹ̀ kọ́kọ́ jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ará Denmark àti Norway tó tẹ̀dó sí ilẹ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́ ló gbé "taka" wá. "Niman" ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò tẹ́lẹ̀, àlejò sì lé onílé jáde.

Ọmọ iṣẹ́ mi ní èdè wọn le. Mo ní tiwa ńkọ́? A ń pa ewúrẹ́, a ń pa iná, a ń pa owó, a ń pa irọ́, a ń pa àlọ́. Ta ló kú níbi àlọ́? Lọ́dọ̀ tiwa, ohun tí a pa ló ń túmọ̀ "pa". Lọ́dọ̀ tiwọn, ìrù kékeré tó tẹ̀lé "take" lẹ máa wò. Nítorí náà, ẹ má kọ "take" nìkan sínú ìwé yín pé mú ni. Odindi gbólóhùn ni kí ẹ kọ. Ẹ̀yìn ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n aṣọ sí ni tèmi wà.

Bí kò bá sì yé yín, ẹ béèrè. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan ní kí n "take out the lace". Mo ní ṣé kí n yọ léèsì ọrùn aṣọ yẹn ni, àbí kí n mú léèsì tuntun jáde nínú àpò tí ẹ gbé wá? Ó ní inú àpò ni.

Sísọ́ọ̀sì ti wà lọ́wọ́ mi o.