Ọdún Tí Mo Di Tíṣà Ọmọ Mi

Ọyẹ́ ti dé Kubwa, l'Ábújá níbí, ètè gbogbo wa ti ń bó. Ìwé tí mo kọ ohun tí màá ṣe sí ní oṣù Kìíní wà níwájú mi báyìí: kí n tọ́jú owó, kí n dín búrẹ́dì kù, kí n lọ wo Màámi ní Ìlọrin lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo lọ. Ti búrẹ́dì, ẹ má bi mí. Èyí tó gba ọdún náà mọ́ mi lọ́wọ́ kò tilẹ̀ sí nínú ìwé: ọ̀sẹ̀ 6 tí mo fi kọ́ ọmọ mi nílé nígbà ooru.

Ẹ̀yin ará Èkó, tẹ́ ẹ bá rò pé sọ́mà lẹ́sìn ni mò ń wí, òjò ló máa ń rọ̀ lé ìyẹn lórí níbí. Ooru tiwa, oṣù Kẹta sí ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, fóònù mi kọ 39°C. Ọjọ́ yẹn ni ọmọ mi, ọmọ ọdún 8, ti ilé-ìwé dé, ẹ̀jẹ̀ imú lára yunifọ́ọ̀mù, ooru sú u láti ọrùn dé ẹ̀yìn. Wọ́n ju 40 lọ nínú kíláàsì, pánù lórí wọn láìsí sílíìnì, fáànù kan ṣoṣo tí kò yí. Lókè Ọya níbí, àsìkò ooru bẹ́ẹ̀ ni yírùnyírùn (mẹnijáítìsì) máa ń jà, ibi tí èrò bá sì há sí ló ń wá. Mo sọ fún Dádì rẹ̀ pé kò lọ mọ́, ó di táàmù kẹta. Wọ́n ní, "Ta ló máa kọ́ ọ?" Mo ní èmi ni. Ilé ni mo ti ń ránṣọ, mo rò pé ìdí maṣíìnì ni màá ti máa kọ́ ọ. (Owó ilé-ìwé tí a ti san? Wọn ò dá kọ́bọ̀ padà.)

Táìmù-tébù mi àkọ́kọ́, aago 8 sí 2, ooru fà á ya láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Tó bá ti di aago 11, pẹ́ńsùlù ti ń yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ ọmọ, èmi náà ń tòògbé. Lọ́jọ́ kan ó tún sọ, ní ìgbà kẹta, pé ìdá 1 nínú 8 tóbi ju ìdá 1 nínú 4 lọ. Mo gbá tábìlì, mo pariwo. Ó wò mí. "Mọ́mì, àǹtí wa kì í pariwo báyìí." Ojú tì mí. Mo dìde, mo gé máńgòrò kan sí mẹ́rin, mo gé èkejì sí mẹ́jọ, mo ní kó mú ẹyọ kan. Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bi mí léèrè kó tó mọ èyí tó máa mú.

Lẹ́yìn ìyẹn, aago 6 sí 9 òwúrọ̀ la ń kàwé, lábẹ́ dóńgóyárò. Ó tán. Ọ̀sán, orí sìmẹ́ńtì la ń sùn sí.

Ìkòkò ló dùn mọ́ mi jù. Ó bi mí ìdí tí omi inú àmù aládùúgbò wa fi ń tutù láìsí fíríìjì. Mo rántí Mohammed Bah Abba, olùkọ́ ní Jigawa tó gba ẹ̀bùn ilé-iṣẹ́ aago Rolex lọ́dún 2000: ó ki ìkòkò kan bọ òmíràn nínú, ó fi iyanrìn tó rin fún omi dí àárín wọn, ìkàn tí ì bá bàjẹ́ lọ́jọ́ 3 sì lo ọjọ́ 27 nínú rẹ̀. A ra ìkòkò amọ̀ méjì lọ́jà, a tọrọ iyanrìn lọ́wọ́ àwọn bíríkìlà. Tòmátì 5 nínú ìkòkò, 5 lórí tábìlì. Ti orí tábìlì ti ń ṣomi lọ́jọ́ kẹrin. Ti inú ìkòkò ṣì le lọ́jọ́ kọkànlá. Mo ní omi ló ń gba ara amọ̀ jáde, afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń gbé e lọ, bó ṣe ń lọ ló ń kó ooru dání. Ó fọwọ́ nu iwájú orí rẹ̀. "Bíi òógùn mi?" Bẹ́ẹ̀ gan-an ni.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ìkòkò ò tutù bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ọmọ mi ní ẹnì kan ti ba nǹkan òun jẹ́. Ó tó ọjọ́ méjì kó tó wá bá mi: "Mọ́mì, afẹ́fẹ́ ti mumi yó, kò lè mu tiwa mọ́." Mo pe Màámi lórí fóònù kíákíá, mo sì fọ́nnu díẹ̀.

Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ dára o. Aṣọ Àjíǹde pẹ́ lọ́wọ́ mi, oníbàárà mẹ́ta wá gba yáàdì wọn. Nígbà tí ọmọ padà sílé-ìwé, ó gba 4 nínú 20 nínú sípẹ́lì, nítorí èmi ni mo sá fún sípẹ́lì.

Ọyẹ́ ti gbẹ afẹ́fẹ́ báyìí, ìkòkò ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọmọ mi bu omi inú rẹ̀ fún mi láàárọ̀ yìí, eyín ta mí. Dádì rẹ̀ ń wò wá. Wọ́n ní, "Oṣù Kẹta ń bọ̀ o." Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rán aṣọ ọdún tán ná.