Kí lẹ̀ ń kà lọ́wọ́? Èmi àti Màmá mi ti wọ Igbó Irúnmalẹ̀

Ẹ má bínú pé mo ti dákẹ́ láti bí oṣù méjì, iná ni o, tí wọ́n bá sì mú un wá, fótókọ́pì ni mo máa ń sáré ṣe kí wọ́n tó tún gbé e lọ. Ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà sí Ìbàdàn Gáréèjì níbí ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹni tó bá ń gba ibẹ̀ kọjá lọ́jọ́ Sátidé ní bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ á ti rí àwa mẹ́rin lórí bẹ́ǹṣì tí à ń pariwo mọ́ra wa bí ẹni tó ń pín ogún, ẹ má pe ọlọ́pàá, ìwé là ń jà lé lórí. Àwọn ìwé tí òyìnbó ń pè ní fantasy, tí Ìyá Ìbejì ń pè ní àlọ́ àgbà, mo sì fẹ́ràn orúkọ tiẹ̀ ju ti òyìnbó lọ.

Òfin wa ò pọ̀. Tóo bá ti jókòó, wàá sọ nǹkan tóo ń kà lọ́wọ́ àti ibi tóo bá a dé, ẹni tí ò bá ka nǹkan kan láti Sátidé tó kọjá ló máa ra omi tútù àti ẹ̀pà tí a máa fi mu gàrí. Gàrí fúnra ẹ̀ kì í ṣe ìṣòro, Ìyá Ìbejì ló ń tà á, gàrí Ìjẹ̀bú gidi, tó kan bó ṣe yẹ kó kan.

Tíṣà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Físíìsì ló ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé, ṣùgbọ́n láti ọdún tó kọjá ló ti kó sínú The Wheel of Time ti Robert Jordan, ìwé mẹ́rìnlá gbáko, ó ti dé ìkẹwàá báyìí, ojú ẹ̀ sì ti wọnú. Ó ní láti Mọ́ńdè tóun ti ṣí i, àwọn ènìyàn inú ẹ̀ ò tíì kúrò lójú kan, wọ́n kàn ń ronú, wọ́n ń mu tíì, wọ́n ń wo aṣọ ara wọn. Mo ní kó fò ó, ó ní èèwọ̀, ẹni tó bá fo ojú ewé kan ti jalè. Ọdún 1990 ni ìkíní jáde, òǹkọ̀wé yẹn kú ní 2007 láì tíì parí ẹ̀, Brandon Sanderson ló bá a parí ẹ̀ látinú nǹkan tó ti kọ sílẹ̀, ìkẹyìn wá jáde ní 2013. Ọ̀rọ̀ yìí ló ta Ìyá Ìbejì lára. Ọ̀dọ̀ George R. R. Martin tó kọ Game of Thrones lòun wà ní tiẹ̀, ó ti ka márààrún tán, ìkarùn-ún yẹn jáde ní 2011, ìkẹfà ò tíì yọjú títí dìgbà tí mò ń tẹ èyí. Ó ní, "Ẹ wò ó, ẹni tó ti kú, wọ́n ti bá a parí tiẹ̀. Ẹni tó wà láyé tó ń jẹun ni ò parí tèmi. Oníbàárà tó jẹ mí lówó àpò gàrí méjì gan-an ò tíì pẹ́ tó báyìí." Ó ti padà lọ bẹ̀rẹ̀ látorí ìkíní, ó ní kóun má baà gbàgbé ẹni tó pa ẹni.

Àbúrò wa tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìlíṣàn wà nínú ìwé kejì tí Tomi Adeyemi kọ, orí fóònù ló ti ń kà á nínú bọ́ọ̀sì. Ó ní ìgbà tóun kọ́kọ́ rí i pé Yorùbá ni wọ́n fi ń pe ọfọ̀ nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì, ńṣe lòun rẹ́rìn-ín sókè tí ìyá tó jókòó ti òun sún kúrò. Tíṣà ò jẹ́ kó gbádùn ẹ̀. Orúkọ ìlú inú ìwé yẹn ni Orïsha, àmì méjì wà lórí lẹ́tà i, Tíṣà fẹ́ mọ nǹkan tí àmì méjì ń wá níbẹ̀ nígbà tí a mọ̀ pé àmì ohùn wa ò jọ bẹ́ẹ̀. Nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú la fi jà lórí tó-tó méjì yẹn. Èmi ò rí nǹkan tó burú níbẹ̀, ìlú tí kò sí láyé ni, ẹni tó dá a sílẹ̀ ló mọ bó ṣe fẹ́ kọ orúkọ ẹ̀.

Ó wá kàn mí. Mo ní Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ni mò ń kà. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Ìbejì ní ìwé ìdánwò kọ́ nìyẹn ni, ṣé mo fẹ́ tún WAEC ṣe ni. Mo jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, mo wá bi Tíṣà pé ọdún wo ni The Hobbit jáde, torí Tolkien tó kọ ọ́ ni bàbá ìsàlẹ̀ ẹ̀, ó ní 1937. Mo ní Fágúnwà tó kọ tèmi ńkọ́? Kò mọ̀. 1938! Ọdún kan péré ló wà láàárín wọn, ẹ̀yin wá ń pe ọ̀kan ní ìwé, ẹ ń pe èkejì ní ìdánwò.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé mi ò dédé kà á o. Ojú Màmá mi ò gbé lẹ́tà kékeré mọ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà lọ́dọ̀ wa, Prámárì 5 ló wà, ó lóun ò gbọ́ Yorùbá inú ìwé, kátúùnù ló ń wò ní tiẹ̀. Ló bá di tèmi lálaalẹ́. Ìwé yẹn gan-an, ti Màmá ni láti ìgbà tó wà níléèwé Mọ́dà, èpo ẹ̀ ti lọ, ewé ẹ̀ ti pọ́n bíi tábà, ó ń rùn káńfọ̀, "aiye" àti "enia" àti "nwọn" ni wọ́n kọ síbẹ̀, alẹ́ ọjọ́ kìíní mo ń kọsẹ̀ bí ọmọ tó ń kọ́ ìrìn. Ìwà tí mo kọ́ lára àwọn ìwé òyìnbó ni pé tí wọ́n bá ti ń sọ bí nǹkan ṣe rí, ojú mi á fò ó (ẹ má sọ fún Tíṣà). Mo fò ó fún Màmá náà. Ó ní, "O fo nǹkan kan." Mo ní mi ò fò ó. Ó ní, "Ó já létí mi, padà sẹ́yìn." Mo padà, mo rí i pé gbólóhùn mẹ́ta ni mo jẹ mọ́lẹ̀. Kò rántí ìwé yẹn o, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tó ti kà á gbẹ̀yìn, ìró ẹ̀ ló mọ̀ pé kò pé. Látọjọ́ yẹn ni mo ti ń fi ẹnu kà á, tí mò ń mí níbi tó ní kí n mí, ìgbà yẹn ló sì tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mọ́ èmi fúnra mi.

Alẹ́ tí Àgbákò, iwin burúkú inú ìwé yẹn, jáde, Màmá ń rin ewùrà lọ́wọ́, ìkókorẹ́ la fẹ́ jẹ. Mo kà á: fìlà irin, ẹ̀wù bàbà, ṣòkòtò awọ, ojú mẹ́rìndínlógún tó yí orí ká. Ọwọ́ ẹ̀ dúró lórí ewùrà. "Mẹ́rìndínlógún? Bíi ti àwọn Agẹmọ?" Ló bá yára fọwọ́ bo ẹnu, torí ọ̀rọ̀ Agẹmọ, òrìṣà Ìjẹ̀bú tí àwọn olórí ẹ̀ jẹ́ mẹ́rìndínlógún, kì í ṣe ọ̀rọ̀ obìnrin nílùú yìí, ó tún wo ojú fèrèsé. Ìkókorẹ́ ọjọ́ yẹn pẹ́ gan-an.

Tíṣà ní ìṣòro òun pẹ̀lú Fágúnwà ni pé kò sẹ́ni tó ṣàlàyé bí oògùn ibẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́, nínú àwọn ìwé tòun wọ́n máa ń sọ òfin agbára fún èèyàn, pé èyí ń jẹ́, èyí ò jẹ́, kò sì sí máàpù níwájú ìwé. Mo ro ẹjọ́ ẹ̀ fún Màmá. Ó ní, "Oníṣègùn wo ló fún un lóògùn rí tó tún kọ èròjà ẹ̀ lé e lọ́wọ́? Máàpù ńkọ́, ṣé ó ń mú máàpù lọ sóko?" Ọmọ Òkè-Ẹ̀rì ni Màmá, ẹ̀gbẹ́ Ẹrẹdò ni wọ́n ti ń ṣẹ́gi ní kékeré, yàrà tí wọ́n ní Bílíkísù Sùngbọ́ ló ní kí wọ́n gbẹ́, tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká fún bíi 160 kìlómítà, tí ibòmíì ga tó 20 mítà láti ìsàlẹ̀ dókè. Ó ní ewé tútù bo ògiri ẹ̀ láti òkè délẹ̀, igi sì ti para pọ̀ lókè débi pé ọ̀sán gangan ńṣe ló máa ń dà bí ìrọ̀lẹ́, wọ́n á dọ́gbọ́n kọrin kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo ibi tí mo bá ti ka igbó, Ẹrẹdò ló ń rí.

Ìwé yìí náà ní àléébù o. Ìwàásù ẹ̀ pọ̀ jù fún mi, tí wọ́n bá ti dé ọ̀dọ̀ Ìrágbèje tó wà nílé ojúlé méje, oorun á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn mí. Mo ti ka èyí tí Sóyínká túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì rí, 1968 ló jáde (ọmọ Ìsarà Rẹ́mọ ni bàbá ẹ̀, ẹ jẹ́ ká gba tiwa), mo sì fò ó níbẹ̀ náà.

Ṣùgbọ́n ibi tí gbogbo nǹkan ti dàrú ni ọ̀dọ̀ Kàkó. Ọba ti rán àwọn ọdẹ ní Òkè Láńgbòdó, wọ́n wá pe Kàkó pé kó bá wọn lọ, ọjọ́ ìgbéyàwó ẹ̀ gan-an ni, ìyàwó dì mọ́ ọn pé kó má lọ, Kàkó sì pa á, ó bá tiẹ̀ lọ. Mo kà á tán, mo fẹ́ máa bá a lọ, Màmá ní kí n pa ìwé dé. Ó ní irú èyí náà ni wọ́n ń pè ní akin? Ó ní ìgbà tóun wà ní Mọ́dà òun rò pé òun pàtẹ́wọ́ fún Kàkó yìí, inú sì ń bí òun sí ara òun. Kò jẹ́ kí n kà á mọ́. Mo fi igi ọwọ̀ kan há ojú ewé yẹn, ìwé wá wà lórí àpótí fún ọjọ́ márùn-ún gbáko, òun náà ni mo sọ fún wọn lórí bẹ́ǹṣì ní Sátidé, pé ibẹ̀ ni mo bá a dé.

Lánàá mo gbé ìwé yẹn láti nù ún, igi ọwọ̀ ti kúrò níbi tí mo fi í sí, ó ti lọ síwájú. Mo bi Màmá, ó ní èkúté. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jókòó sílẹ̀ tó ń jẹ ìrẹsì, kò gbójú sókè, ó kàn ní, "Àǹtí, Kàkó Oníkùmọ̀ Ẹkùn yẹn, ṣé igi ni kùmọ̀ ẹ̀ àbí eegun?"