Orin Ìfẹ́ Tẹ́ Ẹ Ti Gbọ́ Rí

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́ o, kò sí orin ìfẹ́ tó máa jáde l'Ékòó báyìí tẹ́nìkan ò ní sọ pé "àh, mo ti gbọ́ eléyìí níbì kan rí", wọ́n á sì sọ ọ́ bí ẹni tó mú olè. Èmi tí mò ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sọ́ńdè, tí mo tún ń bá báńdì lọ òde àríyá ní Súrùlérè àti Mushin, ohun tó ń dùn mọ́ mi gan-an nìyẹn: kí etí rò pé òun mọ ibi tí orin ń lọ, kí ẹni tó ṣe é wá yà bàrá síbòmíì.

Ẹ wo Can't Help Falling in Love ti Elvis Presley, olórin Amẹ́ríkà, táwọn èèyàn fẹ́ràn láti máa fi mú ìyàwó wọlé. 1961 ló gbé e jáde, àmọ́ ohùn orin yẹn ti wà nílẹ̀ látọdún 1784, olórin kan tó ń jẹ́ Martini ló ṣe é ní Faransé, Plaisir d'amour ló pè é, ṣé ẹ mọ ohun tí orin yẹn ń sọ? Pé adùn ìfẹ́ kì í pẹ́, ìbànújẹ́ ẹ̀ ló ń báni dalẹ́. Orin ẹni tí wọ́n já jù sílẹ̀ ni! Wọ́n mú ohùn ẹ̀dùn ọkàn, wọ́n fi ṣe orin ìgbéyàwó, ìyàwó ń rẹ́rìn-ín bọ̀ lọ́nà pẹpẹ, ẹnikẹ́ni ò fura.

Adekunle Gold náà, ọmọ ilé Kosoko, ọmọ Èkó gidi, Story of My Life táwọn báńdì òyìnbó One Direction ṣe ní 2013 ló mú, ó fi ṣe orin Sade, ó gbé ọmọbìnrin Ṣadé tí ò gbà fún un sínú ẹ̀, àwa sì gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ bí ẹni pé àdúgbò wa ni wọ́n ti kọ ọ́. Ti Burna Boy tún le jù. Nínú orin kan lọ́dún 2000, Toni Braxton, olórin Amẹ́ríkà, ń fi ọkùnrin kan ṣe yẹ̀yẹ́ fún obìnrin míì tó fẹ́ ẹ, Burna gbé ohùn yẹn wọnú Last Last ní 2022, ọkùnrin ló wá ń sunkún báyìí. Owó ẹ̀ ńkọ́? Burna fúnra ẹ̀ sọ pé 60% ni Toni Braxton ń gbà. Ó dáa bẹ́ẹ̀ jàre, ohùn ní ẹni tó ni ín.

Kọ́ọ̀dù, ìyẹn àwọn nóòtì tá a jọ ń tẹ̀ pọ̀ sábẹ́ ohùn, ni ò ní ẹni tó ni ín. 1-5-6-4 yẹn, kọ́ọ̀dù mẹ́rin tó ń tẹ̀ léra, àìmọye orin ló wà lórí ẹ̀, mo lè tẹ̀ ẹ́ títí àríyá á fi tú ká. Bẹ́ẹ̀ náà ni gìtá: àwọn Kumasi Trio láti Ghana gba orin Yaa Amponsah sílẹ̀ ní London ní 1928, orúkọ obìnrin ni, bí wọ́n ṣe ta gìtá ẹ̀ làwọn onígìtá highlife ṣì ń tà títí dòní.

Ibi tó ti máa ń há fún wa ni èdè, torí Yorùbá ò ní jẹ́ kí ohùn lọ síbi tó bá wù ú. Ekundayo Phillips tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ dùùrù ní Cathedral ní Marina látọdún 1914 rí i nínú hímù, wọ́n to ọ̀rọ̀ Yorùbá sábẹ́ ohùn òyìnbó, ọ̀rọ̀ wá lọ́, ìdí nìyẹn tóun fi ń ṣe ohùn tó ń tẹ̀lé bá a ṣe ń sọ̀rọ̀.

Ẹ mú orin Elvis yẹn, do so mi ló fi bẹ̀rẹ̀: ìsàlẹ̀, ó fò sókè, ó rọra sọ̀ kalẹ̀. Ẹ fi "ìfẹ́ rẹ" síbẹ̀, ó wọlé wẹ́rẹ́, àfi bíi pé Yorùbá ni Martini. Ẹ wá fi "ọkọ mi" síbẹ̀. Yéè! Ohùn ti gbé e sókè, ó ti di ọkọ́, ìyàwó wà níwájú pásítọ̀, ó ń kọrin ìfẹ́ fún irinṣẹ́ àgbẹ̀. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé dípò do so mi, mi mi mi ni màá ní kí wọ́n kọ, ó tẹ́jú pẹrẹsẹ, tí orin bá wà ní kíì C, kọ́ọ̀dù C, Em, Am ló wà lábẹ́ ibẹ̀, nóòtì mi yẹn sì wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, torí náà mi ò ní yí ìka kankan padà.