Ẹlikọ́pítà tó ń gbé màlúù

Èmi àti àǹtí mi lọ sí Zermatt ní Switzerland láti London o, a ní ká lọ wo òkè ṣóńṣó yẹn, Matterhorn, tí wọ́n máa ń yà sára páálí ṣokoléètì Toblerone títí di 2023. Mọ́tò tó ń lo pẹtiróòlù kì í wọ̀lú yẹn, Täsch, abúlé kan nítòsí, lẹ máa fi ọkọ̀ yín sí kẹ́ ẹ tó wọ reluwé.

Ìró ẹlikọ́pítà ló jí wa láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Àǹtí mi ká kọ́tíìnì sókè, wọ́n ní "Gómìnà wo ló tún dé o?" Ẹ má bínú sí wọn, nílé wa, tẹ́ ẹ bá gbọ́ ẹlikọ́pítà, á jẹ́ pé olóṣèlú ni, tàbí àwọn elépo rọ̀bì, tàbí olówó kan tí kò fẹ́ jókòó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ìyá tó ni ilé tá a dé sí rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní sìmẹ́ńtì ni wọ́n ń gbé, ilé kan ni wọ́n ń tún ṣe lókè, kò sí títì tó débẹ̀. Wọ́n wá fi fọ́tò kan hàn wá lórí fóònù: màlúù, odidi màlúù, ló so rọ̀ nínú àwọ̀n lábẹ́ ẹlikọ́pítà! Ẹsẹ̀ ẹ̀ ló kán níbi tó ti ń jẹko, ta ló fẹ́ gbé e sọ̀ kalẹ̀?

Ilé iṣẹ́ ẹlikọ́pítà táwọn èèyàn mọ̀ jù ńbẹ̀ ni Air Zermatt. Beat Perren ló dá a sílẹ̀ ní 1968, apoògùn ni o, ó ní kẹ́míìsì nínú ìlú. Mo fẹ́ràn ìyẹn gan-an. Tẹ́lẹ̀, ọwọ́ àti ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń gbé ẹni tó bá ṣèṣe lókè sọ̀ kalẹ̀, ilẹ̀ á ṣú mọ́ wọn lọ́nà, ẹlòmíì á ti kú kí wọ́n tó délé. Matterhorn nìkan, mítà 4,478, ti pa ju ẹni 500 lọ látìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ gùn ún ní 1865. Ní 1971 ni wọ́n fi okùn ẹlikọ́pítà fa èèyàn kúrò lára ògiri àpáta tó wà níhà àríwá òkè Eiger ní Switzerland, ẹnìkan ò tíì ṣe é rí. Ní 2010, Daniel Aufdenblatten wa ẹlikọ́pítà, Richard Lehner so rọ̀ lópin okùn, wọ́n lọ gbé àwọn mẹ́ta tó ń gun òkè kúrò lórí òkè Annapurna ní Nepal, ó sún mọ́ mítà 7,000! Èmi tí mi ò lè wo ìsàlẹ̀ látorí Third Mainland.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé afẹ́fẹ́ máa ń fúyẹ́ lókè, abẹ̀bẹ̀ orí ẹlikọ́pítà ò ní rí nǹkan gbá mú dáadáa, bóòrùn bá tún wá mú, á le sí i torí afẹ́fẹ́ gbígbóná fúyẹ́ ju tútù lọ. Ìdí nìyẹn tó fi dáa kí wọ́n gbé ẹrù tó wúwo láàárọ̀ kùtù, tí wọn ò sì jẹ́ ká sùn.

Ní January 2018, yìnyín dí títì àti reluwé pa, àlejò bíi 13,000 há sínú ìlú, ẹlikọ́pítà ló ń kó wọn díẹ̀ díẹ̀ lọ sí Täsch.

Air Zermatt tún ń ta káàdì kan, tẹ́ ẹ bá ní in, bí wọ́n bá wá fi ẹlikọ́pítà gbé yín, wọn ò ní já owó ẹ̀ lé yín lórí. Àǹtí mi ra méjì, àwa tá ò gun nǹkan kan ju àtẹ̀gùn ilé tá a sùn sí lọ. Wọ́n ní "Fi í sínú pọ́ọ̀sì ẹ, ṣó o gbọ́?" Ó ṣì wà ńbẹ̀.