Ọjọ́ Tí Asisat Oshoala Gbá Bọ́ọ̀lù Sáwọ̀n ní Budapest

Oṣù Karùn-ún ọdún 2019 ni mo lọ sí Budapest, olú ìlú Hungary, nítorí ọmọ Ìkòròdú kan. Barcelona ti wọ àṣekágbá ìdíje Champions League àwọn obìnrin, ìgbà àkọ́kọ́ sì nìyẹn tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin láti Sípéènì máa dé irú ibẹ̀. Asisat Oshoala wà nínú wọn. Ìkòròdú ni wọ́n ti bí i lóṣù Kẹwàá ọdún 1994; Ìkòròdú lèmi náà ti ka ìwé mẹ́fà. Mi ò mọ̀ ọ́n lójúkojú, mi ò sì mọ ẹnì kankan nínú ẹbí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti jókòó sínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ rí láti Mile 12 dé Sábó nírọ̀lẹ́, á mọ̀ pé ọmọ tó bá ti ibẹ̀ jáde, tí gbogbo Yúróòpù wá ń wò ó, tó ẹni tí èèyàn ń wọ bàálù tìtorí rẹ̀.

Èmi nìkan kọ́ ni mo lọ. Mo mú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dání, ọmọbìnrin ọdún mẹ́tàlá tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún ilé ìwé wọn ní Lọ́ńdọ̀nù. Bàbá rẹ̀ kọ́kọ́ fárígá. Ó ní, "Bọ́ọ̀lù kẹ̀? Ṣebí ìdánwò ló wà níwájú ẹ̀." Mo ní, "Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, òpin ọ̀sẹ̀ kan péré ni. Ìwé ẹ̀ á bá a lọ." Ìyàwó wọn bá mi bẹ̀ wọ́n, wọ́n gbà, àmọ́ ojú wọn ò túká. Irú ọ̀rọ̀ yìí náà ni Asisat gbọ́ nílé. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ ní gbangba pé àwọn òbí òun ò kọ́kọ́ fẹ́ bọ́ọ̀lù, ìwé ni wọ́n fẹ́.

Inú bàálù ni ọmọ náà ti ń da ìbéèrè bò mí. Mo bẹ̀rẹ̀ ìtàn látorí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù FC Robo ní Èkó, mo kọjá sórí Rivers Angels ní Port Harcourt, mo wá dúró dáadáa lórí ọdún 2014, torí ọdún yẹn ni ayé mọ̀ ọ́n. Kánádà ni wọ́n ti gbá ìdíje ife ẹ̀yẹ àgbáyé àwọn obìnrin tí ọjọ́ orí wọn ò ju ogún ọdún lọ. Góòlù 7 ló gbá wọlé. Mẹ́rin nínú rẹ̀, Kòríà Àríwá nìkan ló kó o fún, nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó kángun sí àṣekágbá, tí Nàìjíríà fi 6 sí 2 lù wọ́n. Jámánì ló fi góòlù kan ṣoṣo borí wa ní Montreal lẹ́yìn tí wọ́n fi àsìkò kún àsìkò. Síbẹ̀, òun ni wọ́n fún ní àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù, òun náà ni wọ́n tún fún ní ti ẹni tó gbá góòlù wọlé jù. Kò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Kí ọdún náà tó parí, ó ti gba ife Áfíríkà pẹ̀lú Super Falcons, lẹ́yìn náà ni wọ́n yàn án ní agbábọ́ọ̀lù obìnrin tó pegedé jù ní Áfíríkà fún ọdún yẹn.

Liverpool mú un lọ́dún 2015, ọdún yẹn gan-an ni BBC bẹ̀rẹ̀ àmì ẹ̀yẹ tiwọn fún agbábọ́ọ̀lù obìnrin, òun ló sì kọ́kọ́ gbà á. Orúnkún dá a dúró. Lọ́dún 2016 ó bọ́ sí Arsenal, wọ́n gba FA Cup ní Wembley, ṣùgbọ́n góòlù ò wá bí gbogbo wa ṣe ń retí.

Lẹ́yìn náà ló lọ sí Ṣáínà, sí ẹgbẹ́ Dalian, níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017. Ariwo sọ! Kò sí òde àríyá tí mo dé nígbà yẹn tí wọn ò ti ní ọmọ yẹn ti lọ sin ara rẹ̀ síbi tẹ́nì kan ò ti ní rí i mọ́, pé owó ló ń wá. Ó ń dùn mí títí dòní. Ọkùnrin tó bá lọ síbi tí owó wà, wọ́n á ní orí rẹ̀ pé. Obìnrin tó ń fi ẹsẹ̀ jẹun, tí owó iṣẹ́ rẹ̀ ò tó ìdá kan nínú tọkùnrin, wọ́n fẹ́ kó máa fi ìyìn sùn. Ọ̀nà kan ò kúkú wọ ọjà. Ó gba líìgì Ṣáínà lọ́dún 2017, ó tún gbà á lọ́dún 2018, òun sì ni góòlù rẹ̀ pọ̀ jù ní líìgì náà lọ́dún tó kọ́kọ́ débẹ̀. Ṣáínà yẹn náà ni Barcelona ti wá yá a ní ìparí oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2019. Kò ju oṣù méjì lọ, wọ́n lọ bá Atlético ní Madrid, èrò 60,739 wá wòran, òun ló kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n lọ́jọ́ náà, Barcelona sì jáwé olúborí pẹ̀lú 2 sí òdo.

"Ṣé òun ló máa bẹ̀rẹ̀ eré lọ́la, Àǹtí?" Mo ní ká máa gbàdúrà.

Budapest dára o. Odò Duna ló là á sí méjì, Buda lápá kan níbi tó ga, Pest lápá kejì níbi tó tẹ́jú. Bọ́ọ̀sì 100E ló gbé wa láti pápákọ̀ òfuurufú wọ àárín ìlú. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, a lọ sí ọjà ńlá tí wọ́n kọ́ òrùlé lé lórí, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò náà. Wọ́n so ata gbígbẹ rọ̀ bí ẹni so ìlẹ̀kẹ̀, pupa fòò láti òkè délẹ̀, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo ọjà kan. Mo rà lára rẹ̀, mo tọ́ ọ wò: kò ta. A jẹ lángos, ìyẹ̀fun tí wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ, tí wọ́n dín nínú òróró, tí wọ́n wá fi wàrà kíkan àti ṣíìsì sí lórí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bù ú jẹ, ó ní, "Àǹtí, puff-puff tẹ́nì kan jókòó lé ni." Ó jẹ tiẹ̀ tán, ó jẹ lára tèmi.

A wọ tram nọ́ńbà 1 lọ sí Népliget, ibẹ̀ ò jìnnà sí pápá ìṣeré Ferencváros tí wọ́n ń pè ní Groupama Aréna. Ẹyẹ idì onírin gàgàrà kan ló na ìyẹ́ apá síwájú rẹ̀. Àwọ̀ ẹgbẹ́ tó ni pápá náà sì ni ewéko àti funfun! Ìgbà tí ọmọ náà rí i, ó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kí jẹ́sì Nàìjíríà tó wọ̀ sísàlẹ̀ lè hàn. Ìyá Faransé kan tó wọ aṣọ Lyon na ọwọ́ sí jẹ́sì náà, ó ní, "Oshoala?" A ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fún ọmọ náà ní suwíìtì.

Eré náà gan-an korò. Ìṣẹ́jú karùn-ún ni Marozsán ti kọ́kọ́ gbá a wọlé fún Lyon. Budapest yìí ni wọ́n bí i sí kí wọ́n tó gbé e lọ sí Jámánì, kò sì sí bí mi ò ṣe ní kí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwa ló jẹ níyà. Ada Hegerberg gba tirẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ó gbá mẹ́ta wọlé léraléra. Ìlàjì àkọ́kọ́ ò tíì parí, ó ti di 4 sí òdo. Asisat jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní tiẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà ìsinmi, ó bi mí pé, "Àǹtí, ṣé wọn ò ní jẹ́ kó wọlé rárá ni?" Kí ni kí n sọ? Mo ra omi fún un.

Ó wọlé ní ìlàjì kejì. Ohun tí mo wò jù nìyẹn, bó ṣe ń sáré. Eré ti bàjẹ́, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó jókòó nítòsí wa ti ń wo fóònù, òun ń lé bọ́ọ̀lù tí kò yẹ kó lè bá, ó ń yọ àwọn tó ń dènà fún Lyon lẹ́nu, ó ń na ọwọ́ pé kí wọ́n fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ nígbà yẹn tí kò rí pátákó á rò pé ọ̀mì ni wọ́n ń gbá. Ní ìṣẹ́jú kọkàndínláàádọ́rùn-ún, bọ́ọ̀lù dé ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gbá a kọjá Bouhaddi tó ń ṣọ́lé fún Lyon, ó wọlé! Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti gun orí ìjókòó, ó ń ké "Asisat! Asisat!", ọmọ tí kò tíì bá mi sọ gbólóhùn márùn-ún láti wákàtí kan. Ìyá Faransé yẹn yíjú sí wa, ó pàtẹ́wọ́.

Ó parí sí 4 sí 1. Lyon ló gba ife náà fún ìgbà kẹrin léraléra, Wendie Renard gbé e sókè, ó sì tọ́ sí wọn láìjanpata. Ṣùgbọ́n góòlù kan yẹn ni èyí tí obìnrin Áfíríkà kọ́kọ́ gbá wọlé nínú àṣekágbá ìdíje náà. Níwájú wa ló ṣe ṣẹlẹ̀. Nínú tram tí a wọ̀ padà, ọmọ náà ń fi ẹsẹ̀ júwe fún mi bí òun náà ì bá ṣe gbá a, títí tí bàbá àgbà kan fi sún fún un kó lè ráyè.

Barcelona ò dá a padà sí Ṣáínà mọ́. Wọ́n rà á pátápátá. Lóṣù Kẹfà, níbi ife ẹ̀yẹ àgbáyé ní Faransé, ó gbá góòlù kan sáwọ̀n Kòríà Gúúsù ní Grenoble, Nàìjíríà sì borí wọn pẹ̀lú 2 sí òdo. Lọ́jọ́ kẹrìndínlógún oṣù Karùn-ún ọdún 2021, Barcelona fi 4 sí òdo lu Chelsea ní Gothenburg, ife tí wọ́n pàdánù ní Budapest sì bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Àrùn Kòrónà ò jẹ́ kí wọ́n gba òǹwòran láyè, nítorí náà ilé ẹ̀gbọ́n mi la ti wò ó, gbogbo wa lórí àga kan. Bọ̀dá mi ni ariwo wọn pọ̀ jù. Nígbà tí wọ́n ń pín àmì ẹ̀yẹ, wọ́n yíjú sí mi, wọ́n ní, "Ti ọdún tó ń bọ̀ yẹn, níbo ni wọ́n ti máa gbá a?"

Mo ní, "Turin ni, Bọ̀dá mi."

"Bá wa wo tíkẹ́ẹ̀tì. Èmi náà ń lọ."